Bí ẹ ṣe lè ti ìlẹ̀kùn tí firewall MikroTik nìkan ò lè tì

Láti Sábó dé Odógúnyán, láti Ágríìkì wọ Ìgbógbó, ráútà MikroTik ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń ta Wi-Fi ní Ìkòròdú fi ń ṣiṣẹ́. Kì í jẹ iná púpọ̀, owó rẹ̀ kò wọ́n bíi ti àwọn ẹ̀rọ ńláńlá, ó sì lè máa gba fáọ́ṣà lọ́wọ́ odindi ilé akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH kan lórí bátìrì kékeré. Èmi ni mo máa ń so wọ́n mọ́ ara ògiri, èmi náà ni wọ́n sì máa ń pè bí nǹkan bá dojú rú. Ohun tí mo ń rí lemọ́lemọ́ ló mú mi kọ èyí: ráútà tí òfin firewall rẹ̀ (òfin tó ń pinnu ohun tó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá) pé pérépéré, tí ètò tó ń mú òfin náà ṣẹ sì ti gbó kọjá ohun tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Alhaja tó ni ilé á ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé firewall tí ẹni àkọ́kọ́ ṣe síbẹ̀ ò tó ni?" Kò tó, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, Jacob Baines, olùwádìí ní ilé-iṣẹ́ Tenable, tú àṣírí àlàfo kan nínú RouterOS. RouterOS ni ètò tó ń darí ráútà MikroTik. Ìlú Riga ní Latvia ni ilé-iṣẹ́ tó ń kọ ọ́ wà. CVE-2019-3924 ni nọ́ńbà tí wọ́n fún àlàfo náà. Nínú RouterOS, iṣẹ́ kan wà tó máa ń kàn sí àwọn ẹ̀rọ mìíràn láti mọ̀ bóyá wọ́n ń dáhùn. Pọ́ọ̀tù (ẹnu ọ̀nà tí ètò kan ń gbà sọ̀rọ̀) 8291 tí Winbox, ètò tá a fi ń darí ráútà láti orí kọ̀ǹpútà, ń lò náà ni wọ́n fi ń bá iṣẹ́ yìí sọ̀rọ̀, kò sì bèèrè orúkọ tàbí páásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Nítorí náà, ẹni tó jókòó síta, tí kò mọ páásíwọ́ọ̀dù kankan, lè ní kí ráútà bá òun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan nínú ilé.

Ẹ wo ipò tí firewall wà nígbà yẹn. Òfin tó ní kí àlejò má kọjá ń ṣọ́ ohun tó bá ń ti ìta kọjá sínú ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kò ti ìta kọjá, ráútà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó dà bíi mẹ́gáàdì tó lé àlejò sẹ́yìn ní géètì, tó tún gba ìwé lọ́wọ́ àlejò yẹn kan náà, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ bá ọmọ ilé ní yàrá. Ẹnì kankan ò wọlé, iṣẹ́ àlejò sì ti di jíjẹ́. Baines ò fi ẹnu sọ ọ́ lásán. Ó gbé ẹ̀rọ NUUO tó ń gba àwòrán kámẹ́rà pamọ́ sẹ́yìn ráútà tí firewall àti NAT (tó ń fi àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ inú ilé pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́sì kan ṣoṣo) wà lórí rẹ̀, ó sì gba inú ráútà náà dé ibi ẹ̀rọ kámẹ́rà yẹn láti ìta.

Ibi tó ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nìyẹn. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó yí ọjà Sábó ká, ẹ wo àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín, àwọn oníkẹ́míìsì, àwọn tó ń ṣe POS: kámẹ́rà wà lókè, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán pamọ́ wà lábẹ́ tábìlì, gbogbo rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ráútà kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀rọ kámẹ́rà yẹn kì í sábà rí àpdéètì gbà rárá. Ohun kan tó ń dáàbò bò wọ́n ni pé ará ìta ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ráútà bá ń jíṣẹ́ fún ará ìta, ààbò yẹn ti lọ.

Kì í ṣe MikroTik nìkan ni irú èyí máa ń bá. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Microsoft tún CVE-2024-38063 ṣe, àlàfo kan nínú bí Windows ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tó bá gba IPv6 (irú àdírẹ́sì tuntun orí íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé iwájú firewall Windows ni ìjàǹbá rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà kíkọ òfin pé kí firewall dí IPv6 ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi kí èèyàn ṣe àpdéètì, tàbí kó pa IPv6 pátápátá lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń tẹ fáọ́ṣà bá ń lo Windows, ẹ rí i pé ó ti gba àpdéètì yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Iná lẹ ó kọ́kọ́ wò. Ẹ má ṣe àpdéètì ráútà lórí iná NEPA nìkan, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń ṣe ní agbègbè wa. Bí iná bá lọ nígbà tí ráútà ń kọ ètò tuntun sínú ara rẹ̀, ó lè kọ̀ láti tàn mọ́. Ẹ so ó mọ́ ínfátà tàbí bátìrì kékeré tí ẹ mọ̀ pé ó kún. Àárọ̀ kùtù lèmi máa ń ṣe é, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi òru ṣe nǹkan lórí Wi-Fi ṣì ń sùn, tí ẹnikẹ́ni ò ní máa kan ilẹ̀kùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ètò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣí Winbox, ẹ tẹ New Terminal, kí ẹ kọ:

/system backup save name=saaju
/export file=saaju

Fáìlì méjèèjì á wà nínú Files. Ẹ fà wọ́n sórí láptọ́ọ̀pù yín, torí ẹ̀dà tó wà lórí ráútà tó bàjẹ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí ẹgbẹ́ WhatsApp pé kí ẹnì kan bá yín wò ó. Àṣírí wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo irú RouterOS tó wà lórí rẹ̀ báyìí:

/system resource print

Ẹ wá ibi tó kọ version sí. Inú 6.43.12 ti ẹ̀ka stable àti 6.42.12 ti ẹ̀ka long-term ni MikroTik ti tún àlàfo ọdún 2019 yẹn ṣe. Bí nọ́ńbà tiyín bá kéré sí ìwọ̀nyí, ẹ máa fọkàn sí i pé kò sí firewall lórí rẹ̀, bó ti wù kí òfin inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bó bá tilẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e dé èyí tó dé kẹ́yìn, torí àlàfo kan kọ́ ni wọ́n ti dí láti ìgbà yẹn.

/system package update set channel=long-term
/system package update check-for-updates
/system package update install

Ráútà á gba ètò náà, á kú, á tún tàn. Nígbà tó bá tàn, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ lọ sí System, ẹ tẹ RouterBOARD, kí ẹ tẹ Upgrade, kí ẹ sì tún un tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé apá kejì yìí.

Àwọn tó ní hAP lite, ráútà MikroTik kékeré yẹn, ẹ ṣe sùúrù. Ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kò ju 16MB lọ, ó sì lè ní àyè ò tó. Ẹ pa àwọn fáìlì àtijọ́ inú Files rẹ́ kí ẹ tó gbìyànjú. Ẹ̀ka 6.49 ni mo máa ń fi irú rẹ̀ sí, mi ò kì í fi agbára tì í wọ 7. Bí ráútà náà ò bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò yẹn, ẹ lọ gba fáìlì npk rẹ̀ lórí mikrotik.com, irú smips ni ti hAP lite. Ẹ fà á sínú Files, kí ẹ tún ráútà tàn. Ẹ má gba fáìlì RouterOS lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí fláàṣì, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín.

Kí ẹ tó máa yọ̀, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti wọ ibẹ̀ rí. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí CVE-2018-14847. Oṣù Kẹrin ọdún 2018 ni MikroTik ti dí àlàfo yẹn. Pọ́ọ̀tù 8291 kan náà ni, àwọn olè sì lè fi ka fáìlì tí orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe àpdéètì, wọn ò pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ní ọdún 2021, nígbà tí agbo ráútà tí wọ́n ń pè ní Mēris ń fi ìkọlù ńlá da àwọn ojú-ìwé rú káàkiri ayé, MikroTik fúnra wọn kéde pé àwọn ráútà tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ onílé ní 2018 ni. Ìlẹ̀kùn ti di títì, kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ olè.

Nítorí náà, ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí níkọ̀ọ̀kan:

/user print
/ip socks print
/system scheduler print
/system script print
/ip dns print

Orúkọ tí ẹ ò mọ̀ nínú user, socks (iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹlòmíràn gba inú ráútà yín jáde) tó wà ní títàn tí ẹ̀yin ò tan án, iṣẹ́ nínú scheduler tó ń lọ gba nǹkan láti àdírẹ́sì àjèjì, DNS tí ẹ̀yin ò kọ síbẹ̀: bí ẹ bá rí ọ̀kan péré, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi Netinstall, ètò MikroTik tó ń kọ RouterOS tuntun sínú ráútà, wẹ ráútà náà mọ́, kí ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fáìlì export tí ẹ gbà sílẹ̀ ni kí ẹ máa wò, kí ẹ fi ọwọ́ kọ ohun tí ẹ mọ̀ padà síbẹ̀. Ẹ má dá backup padà, torí ẹ ó dá olè padà mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ò gùn. Ẹ dá orúkọ tuntun tí kì í ṣe admin, ẹ fún un ní páásíwọ́ọ̀dù gígùn, ẹ fi wọlé kí ẹ rí i pé ó ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ pa admin. Nọ́ńbà fóònù onílé kì í ṣe páásíwọ́ọ̀dù.

Ó kan àwọn ìlẹ̀kùn tí a fi ń darí ráútà náà. Àlàfo méjèèjì tí mo sọ, ti 2018 àti ti 2019, pọ́ọ̀tù Winbox ni wọ́n gbà wọlé. Bí ará ìta ò bá lè dé pọ́ọ̀tù yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí nínú rẹ̀ náà á ṣòro fún un láti lò. Ọkàn iṣẹ́ yìí gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀.

/ip service disable telnet,ftp
/ip service set winbox address=192.168.88.0/24
/ip service set www address=192.168.88.0/24

Ẹ fi àdírẹ́sì tiyín rọ́pò 192.168.88.0/24. Àwọn tó ń fi Mikhmon tẹ fáọ́ṣà, ẹ má pa api, torí pọ́ọ̀tù 8728 ni Mikhmon ń gbà. Ẹ fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí Mikhmon wà lórí rẹ̀ nìkan dè é. Àwọn tí kò lò ó, ẹ pa api àti api-ssl.

Ọ̀pọ̀ onílé ló ń sọ fún mi pé, "Mo fẹ́ máa wo bí ọjà ṣe ń lọ láti ilé mi ní Ìjẹdẹ̀," ni ẹni tó bá wọn ṣe é bá ṣí 8291 sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ máa wò ó láti òkèèrè, kí ẹ fi VPN (ọ̀nà àdáni tí ẹlòmíràn ò lè yọjú sí) ṣe é fún un. RouterOS 7 ní WireGuard nínú.

Ẹ tẹ Safe Mode nínú Winbox kí ẹ tó fọwọ́ kan òfin firewall. Bí ẹ bá ṣèèṣì ti ara yín síta, ráútà á dá ohun tí ẹ ṣe padà fúnra rẹ̀. MikroTik tuntun máa ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú òfin tó dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń so ó fún wa sábà máa ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí wọ́n lè kọ hotspot tiwọn. Ẹ wo ohun tó kù:

/ip firewall filter print

Ohun kan wà tó máa ń tan àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa pàápàá. Òfin wọn á ní kí wọ́n dí ohun gbogbo tó bá gba ether1 wọlé. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gba PPPoE (èyí tí ráútà fi orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì) wọlé, ether1 kọ́ ni firewall ń rí, pppoe-out1 ni. Bó bá jẹ́ síìmù ló wà nínú ráútà náà, lte1 ni. Òfin yẹn wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ẹ wo iye tó wà lábẹ́ Bytes níwájú òfin náà: bó bá ti pẹ́ tí ráútà ti wà ní títàn, tí iye náà ṣì wà ní òdo, ó ṣeé ṣe kí òfin yín máa ṣọ́ ìlẹ̀kùn tí kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀. Ẹ kó gbogbo ọ̀nà ìta sínú àkójọ kan, kí ẹ fi òfin sórí àkójọ náà:

/interface list add name=ITA
/interface list member add list=ITA interface=ether1
/interface list member add list=ITA interface=pppoe-out1
/ip firewall filter add chain=input connection-state=established,related action=accept
/ip firewall filter add chain=input in-interface-list=ITA action=drop

Ẹ rí i pé kò sí òfin accept àtijọ́ kankan lókè wọn tó ṣí 8291 sílẹ̀, torí láti òkè wá sísàlẹ̀ ni firewall ń kà.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nínú ilé lásán, ará inú ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ. Nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra fáọ́ṣà, ará inú ni ẹnikẹ́ni tó bá ní owó fáọ́ṣà kan. Ìdí nìyí tí òfin tó ń dí ìta nìkan kì í fi tó fún àwa tá à ń ta Wi-Fi. Ẹ ya àwọn oníbàárà sí bridge (àkópọ̀ ọ̀nà tí ráútà ń lò bí ọ̀kan) tiwọn, ẹ kọ àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù yín sínú àkójọ, kí ẹ wá kọ òfin wọ̀nyí:

/ip firewall address-list add list=alabojuto address=192.168.88.10
/ip firewall filter add chain=input protocol=tcp dst-port=21,22,23,8291,8728,8729 src-address-list=!alabojuto action=drop
/ip firewall filter add chain=forward in-interface=bridge-hotspot dst-address=192.168.88.0/24 action=drop

Òfin ìkẹyìn yẹn ló ń dáàbò bo ẹ̀rọ kámẹ́rà Alhaja lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Bí Mikhmon bá wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi àdírẹ́sì tirẹ̀ náà kún alabojuto. Bí òfin forward mìíràn tó ní accept bá wà níbẹ̀, ẹ fa tiyín gòkè rẹ̀. Winbox tún lè fi nọ́ńbà MAC wọlé láìgba IP kọjá, firewall IP ò sì ní rí i. Ẹ dè é mọ́ ọ̀nà tiyín nìkan:

/interface list add name=ILE
/interface list member add list=ILE interface=ether2
/tool mac-server set allowed-interface-list=none
/tool mac-server mac-winbox set allowed-interface-list=ILE
/ip neighbor discovery-settings set discover-interface-list=ILE

Ether2 yìí, ọ̀nà tí láptọ́ọ̀pù yín ń gbà ni. Bó bá wà nínú bridge yín, ẹ kọ orúkọ bridge náà dípò rẹ̀.

IPv6 náà ní firewall tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo òfin tí a ti kọ bọ̀, kò kàn án rárá. Lórí 6, package ipv6 sábà máa ń wà ní pípa. Lórí 7, inú ètò náà gan-an ló wà. Bí ẹni tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ò bá fún yín ní IPv6, ẹ pa á lórí 7, ẹ yọ Safe Mode kúrò kí òfin náà lè dúró, kí ẹ sì tún ráútà tàn:

/ipv6 settings set disable-ipv6=yes

Bí wọ́n bá ń fún yín, ẹ lọ sí /ipv6 firewall filter, kí ẹ kọ irú òfin kan náà síbẹ̀, pẹ̀lú icmpv6 ní accept kó tó kan drop, torí IPv6 ò lè rìn láìsí i.

Ó ku ìdánwò, ìta sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí Safe Mode bá ṣì wà ní títàn, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó kúrò lórí ráútà, kí òfin náà lè dúró. Ẹ pa Wi-Fi lórí fóònù yín, ẹ lo dátà rẹ̀, kí láptọ́ọ̀pù gba íntánẹ́ẹ̀tì lára fóònù náà. Ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lórí ọ̀nà ìta ráútà nínú /ip address print. Bó bá wà láàárín 100.64 àti 100.127, tàbí tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, àdírẹ́sì àjọlò ni ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún yín. Ará ìta ò ní lè tètè dé ọ̀dọ̀ yín, àmọ́ oníbàárà mìíràn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lè dé bẹ̀, nítorí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ tú òfin yín. Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì gidi, ẹ fi nmap, ètò tó ń wo pọ́ọ̀tù tó wà ní ṣíṣí, yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú àdírẹ́sì yẹn níbi tí mo kọ ADIRESI sí:

nmap -Pn -p 21,22,23,80,8291,8728,8729 ADIRESI

Filtered, ìyẹn ni pé firewall dí i, ló yẹ kí gbogbo rẹ̀ sọ. Bí ọ̀kan bá sọ open, ẹ padà sí òfin ITA, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ ọ̀nà ìta ló yàtọ̀. Ráútà tí onílé gbé lé yín lọ́wọ́ nìkan ni kí ẹ dán irú èyí wò lórí rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti wà ní Nàìjíríà láti 2015. Lẹ́yìn náà, ẹ ra fáọ́ṣà kan bí oníbàárà, ẹ wọlé bíi tiwọn, kí ẹ fi Winbox gbìyànjú àdírẹ́sì ráútà, kí ẹ sì fi bùráwúsà gbìyànjú àdírẹ́sì ẹ̀rọ kámẹ́rà. Bí méjèèjì bá kọ̀ fún yín, ẹ gba ẹ̀dà tuntun sórí láptọ́ọ̀pù.